Kí Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé Tó Mọ Ẹ̀rín: Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Ọpọlọ Rẹ̀ Lọ́wọ́

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni à ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìnkúbétọ̀, ìyẹn àpótí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru, èémí rẹ̀, ooru ara rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Àmọ́ iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ tí kò hàn sójú: ọpọlọ ọmọ náà ń to ara rẹ̀ pọ̀, ohun tí ọmọ náà sì ń gbọ́, ohun tó ń kàn án lára àti òórùn tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ wà lára ohun tó fi ń tò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ 24 oyún, ojú ọpọlọ ṣì tẹ́jú, kò tíì ní àwọn ìṣẹ́po tí a mọ̀ mọ́ ọpọlọ àgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 29 sí 40, awọ òde ọpọlọ máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 34 pàápàá, ọpọlọ kò tíì wọ̀n ju nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ìwọ̀n tí yóò ní ní ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 ṣì ní ọ̀sẹ̀ 12 iṣẹ́ ọpọlọ tó yẹ kó ṣe nínú òkùnkùn, nínú omi, pẹ̀lú ohùn ìyá rẹ̀ àti bí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣe ń lù. Abẹ́ iná ló ti ń ṣe é báyìí, láàárín agogo ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ àti pílásítà.

Àwọn òbí kan gbà pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe àfi tí ọmọ bá délé. Àwọn mìíràn gbà pé àfi kí àwọn tètè máa kọ́ ọ: orin, ohun ìṣeré, ìfọwọ́ra. Èrò méjèèjì ò bá ọpọlọ ọmọ yìí mu. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ mọ ohun tó ń fi ara sọ, kí ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá ní ó tó. Nínú ìdáhùn kéékèèké tó ń tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ẹlòmíràn wà, àti pé ohun tí òun bá ṣe máa ń mú èsì wá. Ibẹ̀ ni ìbáṣepọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú ẹ̀rín àkọ́kọ́.

Ohun tó lè gbà, àti ìgbà tó lè gbà á

Ìmọ̀lára awọ ara ló kọ́kọ́ ń jí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ń mọ̀ bí ara òun ṣe ń yí tàbí tí òun ń gbéra, lẹ́yìn náà òórùn àti ìtọ́wò, lẹ́yìn náà ìgbọ́ràn. Ìríran ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Bí ìtọ́jú náà ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà á kọ: wọ́n á gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère kọ́ sójú ọmọ ọ̀sẹ̀ 29 (láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni a ń ka ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí), nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ àti òórùn ìyá ló ń wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ojú. Ìpéǹpéjú máa ń là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26, àmọ́ ó tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọlójú kò sì tíì mọ bó ṣe ń sún kì nígbà tí iná bá pọ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo orí ìnkúbétọ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n á ti máa rí àwọ̀ ara ọmọ. Ẹ má fi aṣọ kankan bo ojú ọmọ fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, ó dára kí ọ̀sán àti òru yàtọ̀ síra: ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, òkùnkùn lóru.

Etí ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí ìró láàárín ọ̀sẹ̀ 25 sí 28. Àjọ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí ariwo inú yàrá àwọn ọmọ wọ̀nyí má ju 45 decibel lọ, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìgò oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ gbàù sórí ìnkúbétọ̀ ti kọjá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìnkúbétọ̀ tí a tì gbà pẹ̀lú. Ẹ fi ìka kan di ìkọ́ ilẹ̀kùn náà mú bí ẹ ṣe ń tì í, ẹ má gbé nǹkan kan lé orí rẹ̀, ẹ sì pa ohùn fóònù yín.

Ti òórùn rọrùn. Ẹ gé aṣọ òwú méjì tó mọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15. Ìyá á fi ọ̀kan sínú kọ́mú sùn mọ́jú láìfi lọ́fínńdà tàbí ìpara olóòórùn sára. Ní òwúrọ̀, bí nọ́ọ̀sì bá gbà, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ, níbi tí kò ti lè bo imú rẹ̀. Èkejì ló kàn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Inú ìnkúbétọ̀ tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọmọ nìkan ni a ti ń ṣe èyí. A kì í fi aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ nínú ibùsùn ilé.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ gba àlàyé lọ́tọ̀. Kí oyún tó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, apá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yàrá omi inú ọpọlọ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó bá ń lọ sókè sódò lójijì lè mú kó fọ́. Wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ irú ẹ̀jẹ̀ dídà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń jẹ́ kí orí ọmọ tó kéré gan-an wà ní ọ̀gangan àárín ara rẹ̀, tí wọn kì í gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju orí lọ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìlédìí, tí wọn kì í sì í yára yí i padà. Tí ẹ̀yin náà bá ń pààrọ̀ ìlédìí, ẹ yí ìbàdí rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tẹ́ ìlédìí tuntun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ohun tí ara rẹ̀ ń sọ

Ní ọdún 1982, onímọ̀ ìhùwàsí kan tó ń jẹ́ Heidelise Als ṣàlàyé pé a lè ka ìwà ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé láti ọ̀nà márùn-ún: èémí, ọkàn àti àwọ̀ ara, bó ṣe ń mira, bó ṣe ń sùn tó sì ń jí, bó ṣe ń kíyè sí nǹkan, àti ohun tó ń ṣe láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn títí di òní. Ẹ̀yin náà lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ẹ bá jókòó tì í tí ẹ kàn ń wò ó láìfọwọ́ kàn án.

Bí ọmọ bá fẹ́ kí ẹ súnmọ́ òun, èémí rẹ̀ á máa lọ déédéé, àwọ̀ rẹ̀ á dúró, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká wá sí àárín, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ sẹ́nu, á di ìka yín mú, ojú rẹ̀ á là láìfajúro. Bí nǹkan bá ti pọ̀ jù fún un, á ya ìka ọwọ́ rẹ̀ sí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á na apá tàbí ẹsẹ̀ gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́, á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn, á fajúro, á gbé ojú kúrò. Òsúkè, yíyán àti sísín wà lára rẹ̀ bí wọ́n bá ń tẹ̀ léra. Èyí tó le jù ni kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tàbí kó pọ́n dòdò, kí èémí rẹ̀ dúró díẹ̀, tàbí kí ọkàn rẹ̀ máa lù fà lójú ẹ̀rọ. Ìyẹn di ti nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá rí àmì pé ó ti pọ̀ jù, ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá ń wò ó lójú, ẹ gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ gbá a mọ́, kí ẹ sì dúró títí àwọ̀ àti èémí rẹ̀ yóò fi padà sípò. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè tún dán ohun kan ṣoṣo wò. Ọmọ tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ 32 kì í sábà lè gba ìfọwọ́kàn, ohùn àti ojú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbígbé ojú kúrò ló ń da àwọn òbí láàmú jù. Wọ́n á rò pé ọmọ kọ àwọn, wọ́n á sì yí ojú wọn tẹ̀ lé ojú rẹ̀, wọ́n á tún pè é, wọ́n á ta á níka. Ọmọ náà á wá tẹ ẹ̀yìn, á sunkún, tàbí á kàn sùn lójijì láti sá fún un. Gbígbé ojú kúrò ni ọ̀nà tó ní láti fi sinmi kó lè padà wá. Ẹ dúró níbi tí ẹ wà, ẹ dákẹ́, ẹ ka ení, èjì dé ogún lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò padà wo ojú yín fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá sì padà wá bẹ́ẹ̀ ṣe é lóore ju ìgbà mẹ́wàá tí ẹ bá fipá pè é.

Ọwọ́ tó dúró

Kí a máa fi ìka pa ọmọ lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí kí a máa gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́ dùn mọ́ ọmọ tó pé oṣù. Lára ọmọ ọ̀sẹ̀ 27, ó máa ń ta á lára bí ìyọlẹ́nu. Ohun tó mọ̀ láti inú oyún ni kí nǹkan yí i ká, kó sì dúró.

Ẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n á fi móoru. Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé orí rẹ̀, kí èkejì gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra ní kíká, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí ẹnu. Ìwọ̀n ìtẹ̀ yín kò gbọdọ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, kò sì gbọdọ̀ wúwo dé ibi tí àyà rẹ̀ ò ní lè fẹ̀ dáadáa láti mí. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbé ọwọ́ kan kúrò ná, ẹ wò bó ṣe gbà á, lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra gbé èkejì. Bí ẹ bá já ọwọ́ méjèèjì gbà lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á jí gìrì.

Ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà lè ṣe èyí nígbà tí a bá fẹ́ gún ọmọ ní gìgísẹ̀. Ìrora tó ń tún wáyé léraléra ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí lè pa ọpọlọ lára, nítorí náà ẹ máa béèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ̀jẹ̀, kí ẹ lè wà níbẹ̀. Wàrà ìyá díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, nǹkan tó lè máa fà lẹ́nu láìsí oúnjẹ nínú rẹ̀, àti àyà ìyá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ń dín ìrora kù.

Àyà lé àyà

Ìtọ́jú kangarú, ìyẹn gbígbé ọmọ sórí àyà òbí kí awọ ara kan awọ ara, bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ní ọdún 1978, nígbà tí Dókítà Edgar Rey Sanabria ń wá ọ̀nà àbáyọ torí pé ìnkúbétọ̀ kò tó. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn fún gbogbo ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré: kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kété tí a bá bí i bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ó sì gba wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Àwọn tí kò lè tó wákàtí 8 kò gbọdọ̀ jáwọ́. Ní Ísírẹ́lì, àwọn ọmọ tó gba wákàtí kan péré lójúmọ́ fún ọjọ́ 14 ṣì fi ìyàtọ̀ hàn ní ọmọ ọdún 10: oorun wọn, bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn níjàánu, àti bí àwọn àti ìyá wọn ṣe ń gbọ́ ara wọn yé. Ní Bogotá, lẹ́yìn ogún ọdún, ìjàgboro àti àìlèfarabalẹ̀ kéré láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú yìí ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Ẹ jẹun, ẹ mu omi, ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí ẹ ò ní fẹ́ dìde fún wákàtí kan ó kéré tán. Wákàtí kan ṣe pàtàkì: gbígbé e jáde gba agbára lára rẹ̀, yípo oorun rẹ̀ kan sì súnmọ́ wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 20 lórí àyà kì í jẹ́ kó rí èrè làálàá tó ṣe. Àga tó lè rọ̀ sẹ́yìn dé ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ló dára jù. Ẹ wọ aṣọ tó ń ṣí níwájú, ẹ bọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn.

Ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ọmọ á wọ̀. Ẹ wo ooru ara rẹ̀ ṣáájú; ó yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5°C. Bí rọ́bà èémí tàbí ti oúnjẹ bá wà lára rẹ̀, ẹni méjì ni kó gbé e: ọ̀kan á mú ọmọ, ọ̀kan á mú rọ́bà. Ó sàn kí ìyá dúró, kó tẹ̀ síwájú sórí ìnkúbétọ̀, kó fi àyà pàdé ọmọ níbẹ̀, kí ó sì rọra jókòó, ju kí a máa fà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ lójú afẹ́fẹ́.

Ọmọ á dúró ní òró láàárín ọmú méjèèjì, àyà lé àyà. Orí rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ á gbéra díẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe tó léwu jù wà. Bí àgbọ̀n bá wó lu àyà, ọ̀nà èémí á ká, ọ̀fun rẹ̀ rọ̀ ju kó lè là á fúnra rẹ̀. Bí orí bá sì fà sẹ́yìn jù, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ká itan rẹ̀ sókè, kí orúnkún ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nítòsí ojú. Ẹ wá fi ọ̀já tó lè fà di í. Etí òkè ọ̀já náà yẹ kó dé ìsàlẹ̀ etí ọmọ gan-an, kí ibi tó le jù wà lórí àyà rẹ̀, kí ikùn rẹ̀ ní àyè láti wú àti láti rọ̀. Ẹ dìde díẹ̀ wò: bí ọmọ bá yọ̀ sílẹ̀, ọ̀já ò tíì le tó.

Ìwọ̀n ọ́síjìn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a gbé e. Nọ́ọ̀sì á máa wò ó. Ó máa ń padà sípò bí ọmọ bá ti farabalẹ̀. Ẹ má fi kùbùsù mẹ́ta bò ó nítorí ìfẹ́, torí ara tó gbóná jù náà ń mú kí èémí dúró. Ẹ má máa fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Ọwọ́ yín sáà wà níbẹ̀. Fóònù kì í wà lórí àyà tí ọmọ wà. Bàbá lè ṣe gbogbo èyí, ara rẹ̀ náà ń mú ọmọ móoru dáadáa.

Ohùn

A ti fi ẹ̀rọ ka iye ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbọ́ nínú yàrá ìtọ́jú. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 32 àti 36 ló gba máàkì tó ga ju ti àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò ọpọlọ àti èdè ní oṣù 7 àti 18. Nígbà tí àwọn òbí bá sì wà níbẹ̀ ni ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń dún jù. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 32 ti ń dáhùn o!

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohùn yín gan-an, ní èdè tí ẹ óò máa bá a sọ nílé. Ẹ sọ gbólóhùn kan tàbí méjì lóhùn rírẹlẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wo ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Bó bá yí ojú sí yín, tó mi ẹnu, tó sì dún díẹ̀, ẹ dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu yín, ẹ ka ìwé sókè fún un, ohun tó wù kó jẹ́. Orí àyà ló dára jù láti ṣe èyí, nítorí ohùn yín ń gba eegun àyà kọjá sí i lára. Ẹ má fi ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sínú ìnkúbétọ̀ kó máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀: kò lè mọ̀ bí ọmọ bá ti rẹ̀.

Oorun

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń sùn ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni oorun tí ẹyinjú ń yí nínú rẹ̀, tí ìka ń ta, tí ẹnu ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Inú oorun yẹn ni ọpọlọ ti ń rán àmì gba inú àwọn okùn tó ń so apá kan rẹ̀ mọ́ òmíràn. Bí ẹ bá dé tó ń sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ṣètò kí ìlédìí, ooru ara àti oúnjẹ bọ́ sí àkókò kan náà, kí a má máa jí i lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan.

Ojú kojú

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, ìṣẹ́jú díẹ̀ á máa wà lójúmọ́ tí ojú ọmọ á là, tí ara rẹ̀ á rọ̀, tí kò ní sunkún. Ẹ má jẹ́ kó kọjá lásán. Ẹ gbé e ní kíká, kí iná yàrá má pọ̀, kí ojú yín wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dákẹ́, kí ó wo yín. Bó bá gbà á, ẹ fi ohùn kún un. Ẹ lè rọra la ẹnu tàbí yọ ahọ́n, kí ẹ sì dúró, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á ti lọ kó tó dáhùn. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta tó.

Oúnjẹ náà jẹ́ ìjíròrò. Ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè fa ọmú, gbé mì, kó sì mí ní ìtẹ̀léra ní ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, àmọ́ kò dán mọ́rán títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń wá ọmú tàbí tó ń gbé ọwọ́ sẹ́nu. Bó bá dúró láti mí, ẹ̀yin náà dúró. Bó bá jẹ́ ìgò ni, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí wàrà padà, ẹ má máa yí i lẹ́nu rẹ̀ kó lè parí rẹ̀. Ọmọ tí a bá ń fipá bọ́ á kọ́ láti máa gbé ojú kúrò lára ẹni tó ń bọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ọjọ́ orí méjì ni ọmọ yìí ní. Ẹ yọ iye ọ̀sẹ̀ tó fi yá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, títí yóò fi pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 fi ọ̀sẹ̀ 12 yá. Bó bá pé oṣù 6, oṣù 3 ni kí ẹ fi wò ó ní ti ẹ̀rín, ìjókòó àti ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ òbí ló ti wá látinú kí wọ́n gbàgbé ìyọkúrò yìí. Àjẹsára nìkan ni kì í tẹ̀ lé e: ọjọ́ tí a bí i gan-an ni a fi ń ka ìyẹn.

Pẹ̀lú ọjọ́ orí tí a ti yọ, ẹ̀rín tó ń dá yín lóhùn máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ní oṣù 4 ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ní nǹkan bí oṣù 9 ó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀, ó sì lè máa bẹ̀rù àjèjì. Láàárín oṣù 9 sí 14 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ẹ ń wò, tó sì ń na ìka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó. Nína ìka yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti fi hàn pé òun mọ̀ pé ẹ ní ọkàn tiyín tó lè bá òun wo nǹkan kan náà.

Àmì ọmọ yìí kì í hàn tó ti ọmọ tó pé oṣù: ẹ̀rín rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ tètè ń kúrò, ó tètè ń rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà àwọn òbí á fi kún ariwo, kún ìṣeré, kí ó lè dáhùn, ọmọ á sì túbọ̀ sá. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ohun ìṣeré kan lẹ́ẹ̀kan, tẹlifíṣọ̀n pípa, àlejò díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò gba fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá.

Ní ti oorun, ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, lórí ibùsùn tó le tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí. Bóyá wọ́n ń da ojú rẹ̀ dé nílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ewu kí ọmọ kú lójijì lójú oorun pọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ tó pé oṣù lọ.

Àwọn àyẹ̀wò tí kò yẹ kó bọ́

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe scan orí rẹ̀ láti ojú àwùjẹ̀, tí wọ́n sì ti dán etí rẹ̀ wò. Fún ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 30 sísàlẹ̀ tàbí tí kò ju gíráàmù 1,500, àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí ojú lè fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù 3 tí a ti yọ, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè wo fídíò ọmọ tó dùbúlẹ̀ tó ń mira fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àwọn ìmira kéékèèké tó yẹ ní ọjọ́ orí yẹn kò bá sí, ìtọ́jú cerebral palsy, ìyẹn ìṣòro ìmira ara tó wá látinú ọpọlọ, lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwádìí tí a kó pọ̀, nǹkan bí 7 nínú 100 ọmọ tí oṣù wọn kò pé ló ní autism (ipò ọpọlọ tó ń mú kí ìbáṣepọ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ yàtọ̀), èyí tó ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ. Àwọn ìbéèrè àyẹ̀wò rẹ̀ wà fún oṣù 16 sí 30. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran dáadáa lè kùnà ìbéèrè yẹn láìní autism, nítorí náà etí àti ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún wò.

Pẹ̀lú ọjọ́ orí tí a ti yọ, ẹ má dúró bí kò bá rẹ́rìn-ín dáhùn ní oṣù 3, bí kò bá yíjú sí ohùn ní oṣù 6, bí kò bá dáhùn sí orúkọ rẹ̀ ní oṣù 12, bí kò bá na ìka sí nǹkan ní oṣù 18, tàbí bó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan. Bó bá mọ ohun kan tẹ́lẹ̀ tó sì wá pàdánù rẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Gìrì, àìlèjí fún oúnjẹ, tàbí àwùjẹ̀ tó wú nígbà tí ọmọ ò sunkún jẹ́ ti ojú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ara ìyá náà. Ẹkún, àìsùn nígbà tí ọmọ ń sùn, àti rírò pé ọmọ kì í ṣe tòun wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbí báyìí. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di àìsàn tó ní ìtọ́jú. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ kì í lè rí àmì kéékèèké tí ọmọ ń fún un, ọmọ á sì dín ìkésí rẹ̀ kù. Ẹ sọ fún dókítà ọmọ pàápàá ní ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn. Ẹlòmíràn nínú ẹbí lè máa gba àyà lé àyà àti ìjíròrò ojú kojú náà ṣe títí ara ìyá yóò fi yá.